Ìtì Igi Inú Kọ̀ǹpútà Wa

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ọ̀gá Kékeré,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àlejò tó wà nínú rẹ. Mo lérò pé ara yín le. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún òsì mi tó ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló dàgbà.

Wọ́n ti gbé ìwé tí à ń kọ orúkọ sí lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù kúrò, wọ́n fi kọ̀ǹpútà rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní kí oníkálukú máa ṣe lọ́gíìnì, ìyẹn kó fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé sójú ẹ̀rọ, kó tó fọwọ́ kan aláìsàn. Nígbà ìwé, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń ṣí i sílẹ̀ de àwọn tó kù. Ohun tí mo ṣe nìyẹn: mo wọlé, mo fi ojú ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo bá tèmi lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wàhálà dé. Wọ́n fún ìyá ọlọ́mọ kan ní oògùn ẹlòmíì, orúkọ mi sì ni ẹ̀rọ gbé jáde, bẹ́ẹ̀ yàrá ìgbẹ̀bí ni mo wà ní wákàtí yẹn. Ọpẹ́ ni pé oògùn náà kò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mátíróònù ní bí mi ò bá rí àlàyé ṣe, kí n máa lọ sílé. Ọmọ mi, mo sunkún. Ó ku oṣù méjì kí o bímọ, mo sì ti ṣèlérí pé ọwọ́ mi ni yóò gba ọmọ náà.

Nọ́ọ̀sì tuntun kan ló dìde fúnra rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni, Mà. Mo bá ẹ̀rọ ní ṣíṣí, mo rò pé ti gbogbo wa ni." Mátíróònù fa àwa méjèèjì létí dáadáa, ó sì rán wa sọ́dọ̀ olùkọ́ kọ̀ǹpútà.

Atukọ̀ òkun ni bàbá náà tẹ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Mọ́mì, igi lẹ ń bẹ̀rù o! Láyé àtijọ́, àwa atukọ̀ a máa so okùn oníkókó mọ́ ègé igi, a ó jù ú sómi, a ó ka iye kókó tó bá sá kọjá, ká lè mọ bí ọkọ̀ ṣe ń yára tó. Lọ́ọ̀gù ni Òyìnbó ń pe ìtì igi. Nígbà tó yá, ìwé tí wọ́n ń kọ iye náà sí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ igi. Kíkọ orúkọ ẹni sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yá lò, tó ń pè ní lọ́gíìnì. Ẹni tó bá kọ orúkọ, ọrùn rẹ̀ ni iṣẹ́ wà títí yóò fi jáde."

Ó yé mi wàyí. Ṣebí ohun tí mo ti ń ṣe fún ọdún mọ́kànlélógún ni! Mátíróònù ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ, inú mi sì dùn dọ́ba.

Nítorí náà, fọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ tí o bá dé, èmi ni n ó kọ́kọ́ wọlé sójú ẹ̀rọ, n kò sì ní jáde títí n ó fi kọ ọmọ rẹ síbẹ̀ pé ó dé láyọ̀.

Olúwa yóò sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Ibi kò ní jẹ́ tìrẹ, ire nìkan ni.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí ọmọ-ọmọ,
Mọ́mì Wọ́ọ̀dù

Mo tún rántí: nọ́ọ̀sì tuntun yẹn ti di ọlọ́pàá mi. Lánàá, mo ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sáré bá mi dé ẹnu géètì: "Mọ́mì, ẹ ò tíì jáde o!"