Ìdọ̀bálẹ̀ Lórí Ilẹ̀ Gbígbóná

Òpópónà Ilo-Awela,
Sango-Ọ̀tà,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Ṣùkúrát ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí Màmá yín, mo kí gbogbo ará ilé yín ní Ìwó. Ṣé ara yín le? Mo mọ̀ pé ààwẹ̀ ti wọ̀ yín lára, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ fi àlàáfíà parí rẹ̀. Bó bá jẹ́ tèmi lo fẹ́ gbọ́, ara mi le, àyàfi ẹ̀yìn mi tó ti sè. Má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn mi sè bí iṣu, ohun tó sì sè é ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí Màmá mi ti fi mí ránṣẹ́ láti Ẹdẹ sọ́dọ̀ Dádì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ilẹ̀ pálọ̀ ni mò ń sùn. Yàrá mẹ́ta ló wà nílé yìí: ti Dádì àti Mọ́mì, èyí tí ẹrù Jámánì kún dé àjà, àti ti Àǹtí Ẹ̀bùnolúwa, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí sí òun lọ́rùn. Torí náà, nígbà tí wọ́n ní àwọn ẹbí Bọ̀dá Olúwadámiláre ń bọ̀ wá mọ̀ wá torí Àǹtí Ẹ̀bùn, inú mi dùn ju ti ìyàwó lọ. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Mo ti gbàdúrà títí kí Àǹtí Ẹ̀bùn lè rí ọkọ, kì í sì í ṣe torí ìfẹ́. Yàrá rẹ̀ ni mò ń wò. Ó ní fèrèsé méjì.

Nígbà tí Dádì ti Jámánì dé tó kọ́ ilé yìí, ó tẹ́ wáyà kan sábẹ́ táìlì pálọ̀, irú wáyà tó ń mú kí ilẹ̀ gbóná. Ó ní ní Jámánì, ẹni tí ilẹ̀ ilé rẹ̀ bá tutù, tálákà ni. Gbogbo àdúgbò ló fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ta ló ń bá oòrùn Ọ̀tà dáná. Bàbá Fákọ̀yà tí ilé wọn kángun sí tiwa kì í wọlé wa kó má dúró lẹ́nu ọ̀nà kó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilẹ̀ ti jinná?” Ilẹ̀ náà kò gbóná rí. Àpótí funfun kékeré kan wà lára ògiri tó yẹ kó máa pàṣẹ fún un, iná pupa ojú rẹ̀ kò sì tàn rí lójú mi. Gbogbo wa gbà pé ó ti kú.

Oṣù tó kọjá ni Mọ́mì ní àwọn àna òun kò ní làágùn nínú ilé òun. Wọ́n ra éèsì ńlá kan, ẹ̀rọ amúlétutù. Bọ̀dá Nùrẹ́nì oníwáyà gbé e kọ́ sára ògiri, sókè àpótí funfun yẹn gan-an, torí ó ní ibẹ̀ ni wáyà ti wà nílẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti gbé tiransifọ́mà tuntun fún àdúgbò wa, iná kì í lọ bíi ti tẹ́lẹ̀, Mọ́mì kò sì rí ìdí tí éèsì fi yẹ kó sinmi.

Alẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án, ilẹ̀ tí mo sùn lé lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ibi tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Nígbà tó yá, ó kọjá lílọ́. Mo sọ fún Mọ́mì. Ó ní ibà ni, ó se àgbo dọ́ńgóyárò fún mi, ó sì dúró tì mí títí mo fi mu ún tán. Mo tún sọ. Àǹtí Ẹ̀bùn ní, “Ọpẹ́, ìkùnsínú ẹ tún ti dé. Lánàá ẹ̀fọn, lónìí ilẹ̀.” Kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ wò, torí sílípáàsì ni gbogbo wọn ń wọ̀ nínú ilé. Mọ́mì ní táìlì máa ń fa òtútù wọ egungun.

Lẹ́yìn ìyẹn, Mọ́mì gbé páálí àbẹ́là tó fẹ́ kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Oju Ore kalẹ̀ ní pálọ̀. Nígbà tó máa ṣí i láàárọ̀, gbogbo àbẹ́là náà ti di ẹyọ kan. Ó ní èmi ni mo gbé e sóòrùn. Mo ní ilẹ̀ ni. Ó ní kí n má parọ́ mọ́ ilẹ̀.

Mo lọ bẹ Bọ̀dá Nùrẹ́nì. Ó wá, ó pa gbogbo iná ilé, ó ní iná kì í ṣe nǹkan eré. Ó jẹ ẹ̀bà, ó sinmi, ó sọ ìtàn ọ̀gá rẹ̀ kan tí wáyà gbé. Ìgbà tó máa fọwọ́ kan ilẹ̀, ilẹ̀ ti tutù bí omi àmù. Ó tan iná padà, ó tún fọwọ́ kàn án lójú ẹsẹ̀, ó ṣì tutù. Ó wá wojú mi. “Ọmọ yìí, ilẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Orí ẹ ló gbóná.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Dádì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wo táìlì bí ẹni tó ń retí ọmọ tó ti pẹ́ lájò. Ọjọ́ yẹn ni mo pa ẹnu mi dé. Mo ní bí ilé yìí bá ń jó, wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá làwọn àna dé. Ìyá Ẹdẹ, ẹ̀gbọ́n Dádì lóbìnrin, ló wá ṣe olórí fún wa, tòun ti orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún àti sílípáàsì rẹ̀ tó nípọn bí búrẹ́dì. Láti àárọ̀ ni Mọ́mì ti fi éèsì sí ibi tó tutù jù, tó sì ti gbogbo fèrèsé pa. Ó ní kí àwọn àlejò bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, torí ó ti nu táìlì rẹ̀ títí ó fi ń dán. Wọ́n bọ́ ọ. Àlejò tó gbọ́n kì í sọ pé ilé àna gbóná. Ìyá ọkọ jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó tún gbé tòsì. Mọ́mì rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, ó sì fi ọ̀nà ilé ìgbẹ́ hàn án. Ìyá yẹn lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé simẹ́ǹtì ibẹ̀ tù ú lára.

Ó wá kan ìdọ̀bálẹ̀. Bọ̀dá Dámiláre àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin nà gbalaja. Kí Ìyá Ẹdẹ tó lanu, wọ́n ti dìde. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ejò ló wà nílẹ̀ ni? Ẹ padà síbẹ̀.” Wọ́n padà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ephraim nínú wọn fò sókè bí àgbàdo tó ń ta nínú agbada. Ojú Ìyá Ẹdẹ korò. “Ọmọ tí kò lè fàyà balẹ̀ fún wa díẹ̀, ṣé ọmọ wa ló máa fàyà balẹ̀ fún? Ẹ kó ẹrù yín.” Bàbá ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í ká agbádá rẹ̀ jọ. Mo ń gbọ́ ẹkún Àǹtí Ẹ̀bùn lẹ́yìn kọ́tìnì.

Bọ̀dá Dámiláre nìkan ló tún dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ máa gbàdúrà yín.” Ìyá Ẹdẹ bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ò mọ àdúrà ìyá yẹn. Ó súre fún ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bí, ó súre fún ìkejì, òógùn ń kán láti iwájú orí ọkọ sórí táìlì, ó sì ń gbẹ. Èmi kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú páànù omi, orúnkún mi ń ta mí, mo ń bínú, mo ní kò kàn mí. Ìgbà náà ni mo gbójú sókè. Iná pupa ń tàn lójú àpótí funfun. Atẹ́gùn éèsì ń fẹ́ lù ú tààrà. Ṣùkúrát, ó yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Àpótí yẹn rò pé Jámánì lòun wà. Bí Mọ́mì bá ṣe ń mú kí éèsì tutù sí i tó ni àpótí ń rò pé òtútù ń pa wá, tó sì ń ṣàánú wa láti abẹ́.

Mo rò ó pé kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí yàrá onífèrèsé méjì tó ń bá agbádá bàbá ọkọ jáde lọ. Mo dìde láàárín àdúrà ọmọ kẹta, mo fa ẹní mi yọ lẹ́yìn fíríìjì, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ̀dá Dámiláre. Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ yí sórí ẹní.” Ó yí sí i láìlajú. Mọ́mì pe orúkọ mi látòkè délẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sílípáàsì yín.”

Ìyá Ẹdẹ wò mí bí ẹni fẹ́ fi ojú bó mi láwọ. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ọ̀kan, ó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Mo ń retí ariwo. Ó bọ́ èkejì. Ojú rẹ̀ rọra pa dé. “Ta ló ń dáná sábẹ́ ilé yìí?” Ohùn ẹni tí wọ́n ń họ lẹ́yìn ló fi béèrè. Mo na ọwọ́ sí àpótí. Dádì dìde, ó wo iná pupa yẹn, ó bọ́ bàtà rẹ̀ lójú àwọn àna, ó dúró lórí táìlì. Ó ní, “Ó ń ṣiṣẹ́.” Ó sọ ọ́ fún bàbá ọkọ, ó sọ ọ́ fún Ephraim, ó wá ṣílẹ̀kùn, ó sì ké sí ilé kejì pé, “Fákọ̀yà, máa bọ̀, ó ti jinná.”

Nígbà tó fi padà, Ìyá Ẹdẹ ti jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ní, “Èmi ti gbà. Ọmọ tó lè fàyà lé irú èyí nítorí ọmọ wa, tí kò pariwo, kò ní pariwo mọ́ ọn nílé. Ẹ gbé obì wá.” Ilẹ̀ ni wọ́n gbé obì náà bá a. Mọ́mì kò wojú mi títí di ìrọ̀lẹ́, ó kàn gbé ẹran méjì sínú abọ́ mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Bọ̀dá Nùrẹ́nì wá láti sún éèsì kúrò níbẹ̀. Ìyá Ẹdẹ fi ọ̀pá rẹ̀ dábùú ògiri. Ó ní orúnkún òun kò tíì dùn òun láti Sátidé, òun kò sì padà sí Ẹdẹ mọ́. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ sí yàrá Àǹtí Ẹ̀bùn. Mo wọ kíṣìnì, mo sunkún. Yàrá ti lọ kí ìyàwó tó lọ. Àfi bí a ṣe jẹun tán tí ìyá jáde pẹ̀lú ìrọ̀rí. “Ọpẹ́mipọ̀, ibo ló gbóná jù?” Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, òun lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi nípa ilẹ̀ yẹn. Mo fi ibi tí mò ń sùn hàn án. Ó ní, “Ó dáa. Dìde níbẹ̀. Lọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fún mi.”

Báyìí, ó ti di olóyè pálọ̀. Á fi éèsì sí ibi tó tutù jù, torí láìsí òtútù ilẹ̀ ò ní gbóná, á wọ kóòtù Jámánì Dádì àti fìlà onírun, á sì dùbúlẹ̀ sórí ẹní mi. Lókè ni Jámánì, nísàlẹ̀ ni àdògán. Bàbá Fákọ̀yà ń wá fi ìbàdí lé e lọ́sàn-án, kò sì bú ilẹ̀ mọ́. Èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá fèrèsé bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, Àǹtí Ẹ̀bùn sì ń ta mí nípàá lójú oorun. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o: bẹ́ẹ̀dì yìí tutù. Ẹ̀yìn mi ń wá ilẹ̀.

Kí Ọlọ́run gba ààwẹ̀ yín, kí ó má jẹ́ kí a sùn síbi tó máa pa wá lára, kí ó sì fi ẹni tó máa gbọ́ wa nígbà tá a bá sọ̀rọ̀ sílé wa. Kọ̀wé sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ̀yìn rẹ̀ sè,
Ọpẹ́mipọ̀.

Mo tún rántí: Bọ̀dá Dámiláre ránṣẹ́ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, orí koríko ìta ni kí ìdọ̀bálẹ̀ ti wáyé. Ìyá Ẹdẹ ní pálọ̀ ni, òun kò sì ní dìde lórí ilẹ̀ torí ẹnikẹ́ni. Bọ̀dá Dámiláre ti wá ń bẹ̀ mí ní bòókẹ́lẹ́ pé kí n bá òun gba ẹní náà lọ́wọ́ ìyá.