Ihò Kan Nínú Ọkàn Ìyá Rẹ

Ẹlẹ́rìn-ín ọmọ mi,

Ìgbà tí mo rí ìfófó lójú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ túúlu ìyá rẹ tó yé mi. Ọpẹ́lọpẹ́ iṣẹ́ táyà tí mo kọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kí ọ ná, kí o má baà ní bàbá rẹ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti kọ lẹ́tà nílé ẹ̀kọ́. Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ ti dín ariwo kù? Táyà ayé rẹ kò ní jò lójú ọ̀nà o. Àlàáfíà la wà, àfi adìyẹ tó ti sọ àga mi di ìtẹ́.

O rántí bí ẹ̀fọ́rí yẹn ṣe ń bẹ̀rẹ̀, tí iná á kọ́kọ́ máa tàn yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́ lójú rẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ orí kan á wá máa fọ́? Èyí tó ṣe é gbẹ̀yìn, àárín títì ló ti bá a, kò ríran mọ́, ìyàwó télọ̀ ló fà á lọ́wọ́ wálé. La bá lọ sílé ìwòsàn. Dókítà kan tí kò dàgbà jù ọ́ lọ ní irú túúlu bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí àwọn yẹ ọkàn wò, ó mi omi iyọ̀ pọ̀ mọ́ atẹ́gùn títí ó fi yọ ìfófó, ó gún un sí iṣan apá rẹ̀, ó ní ká máa wo ẹ̀rọ. Ọkàn ìyá rẹ nìyẹn, tó ń lù kìkìkì! Mo dìde, mo ṣí fìlà, mo kí ọkàn náà pé ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsinmi. Ìyá rẹ ní kí n jókòó, pé láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́ nílé mi, n kò ṣí fìlà fún òun rí.

Ni ìfófó bá ń gba ibi tí kò yẹ kọjá. Mo ké pé ó ń jò, bí túúbù táyà tí a rì bọ omi! Dókítà ní òótọ́ ni, pé ilẹ̀kùn kékeré kan wà nínú ọkàn gbogbo ọmọ inú oyún, tó yẹ kó tì lẹ́yìn ìbí, ṣùgbọ́n ti ìyá rẹ kò tì, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in tí wọn kò mọ̀. Ìyá rẹ ní abájọ, ìyá òun kò yé pariwo pé òun kì í tilẹ̀kùn.

Mo ṣí àpò mi, mo kó rọ́bà, gọ́ọ̀mù àti ayùn kékeré síta, mo ní kó kọ́kọ́ ha ojú ibẹ̀ dáadáa kó tó lẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní àwọn lè dí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò yìí àti túúlu kàn máa ń rìn pọ̀ ni, kò dájú pé ọ̀kan ló bí èkejì. Wọ́n dí ti ẹlòmíràn, orí rẹ̀ fúyẹ́. Wọ́n dí ti ẹlòmíràn, ó ṣì ń fọ́. Èyí ni kò yé mi, torí táyà tí mo bá lẹ̀ kì í bá mi jiyàn.

Dókítà fi àwòrán ọkàn náà, bó ṣe ń lù, sínú fóònù mi. N kì í jẹ́ kí iná fóònù náà kú mọ́. Ta ló mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọkàn náà?

Ìyá rẹ kò fẹ́ kí wọ́n dí i. Ó ní láti kékeré rẹ, ọjọ́ túúlu nìkan ni gbogbo wa máa ń wà nínú yàrá kan, tí a bo fèrèsé, tí èmi ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tí ìwọ á ti gbé òòlù mi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ kí n má baà fi lu táyà, tí o sì ń díbọ́n pé o ti sùn. Ó ní bí wọ́n bá dí ihò náà, kí ni yóò tún máa kó wa jọ? Títí dòní, bí òòlù bá sọnù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Mo mọ̀ pé o ti ń wá ibi tí màá ti tọrọ owó. Kọ́tìnnì dúdú tó nípọn ni kí o rà fún wa, èyí tó wà ní fèrèsé yàrá yẹn ti di asẹ́. Olúwa yóò ṣọ́ ọ, ibi tí orí rẹ bá sùn yóò tutù.

Dókítà ń retí èsì wa. Ìyá rẹ ní ohun tí o bá sọ ni òun máa ṣe, bí o bá wá sọ ọ́ fún òun nínú yàrá yẹn. Ọmọ mi, ṣé ká dí i, àbí ká fi í sílẹ̀?