Àwọ̀ Tí Ìyá Rẹ Rí

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le? Ẹlẹ́dàá tó ń ṣọ́ ọ kò ní tòògbé. Àwa náà wà, à ń jẹ, à ń mu, ìyá rẹ sì tún ti ń bá mi jà, nítorí náà fọkàn balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà tá a sọ ni mo fẹ́ jábọ̀ fún ọ. O mọ̀ pé látìgbà tójú ìyá rẹ ti ń ṣe bàìbàì, tó sì ṣi ẹsẹ̀ gbé ní àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, tó forúnkún gbálẹ̀, kò jáde mọ́ àfi tí mo bá dì í lọ́wọ́ mú. Bí mo bá lọ sóko, orí àga ló máa wà bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé. Ó dùn mí ju bí mo ṣe sọ fún ọ lọ.

Mo gbìyànjú ohun tó o fi sínú fóònù mi, èyí tó o ní ó máa ń kun ògiri kéèyàn tó ra ọ̀dà. Mo nà án sí ògiri, mo tẹ̀ ẹ́, ògiri di funfun báláú! Mo yọ̀, mo súre fún ọ, mo gbójú kúrò lára fóònù, ògiri ṣì dúdú bó ṣe wà. Mo tún un tẹ̀ títí ìka fi ń ro mí. Mo wá rí i pé dátà ló tán kí ọ̀dà náà tó dé ara ògiri. Mo lọ sọ fún ọkùnrin tó ń ta ọ̀dà pé fóònù mi ti ṣe ìdajì iṣẹ́, kó ta ìdajì yòókù fún mi. Ẹ̀rín pa á títí tó fi di agolo mú kó má baà ṣubú.

Nígbà tó gbọ́ ti ìyá rẹ, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní bí gbogbo ilé bá funfun, ilẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn á tún fara pa mọ́ fún un ni, pé àwọ̀ tó yàtọ̀ ló yẹ ká fún wọn. Ó kán oríṣiríṣi ọ̀dà sórí pátákó kan fún mi. Mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí ìyá rẹ wò ó. Ti aláwọ̀ sánmà, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Ti pupa, ó ní ṣé òjìji nìyẹn. Nígbà tó kan èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè bí inú ẹyin, ó ní ta ló tanná lọ́sàn-án gangan, ṣé wọ́n ń fi epo tọrẹ ni! Ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi.

Òun náà ni mo rà. Ti elépo ni ọlọ́dà ní kí n rà nítorí ẹsẹ̀ tí yóò máa tẹ̀ ẹ́, kí n po yanrìn kíkúnná díẹ̀ mọ́ èyí tí mo máa fi kun àtẹ̀gùn, kó má baà yọ̀. Mo ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn, mo fọ̀ wọ́n, mo kùn wọ́n, mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ dáadáa.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà tí mò ń fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì, ni mo gbóhùn ìyá rẹ níta tó ń kí aládùúgbò. Mo sáré jáde. Ẹnikẹ́ni ò dì í mú! Àyà mi tó ti ń já látọjọ́ yìí wá balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìyọnu tó kù ni pé ó ń rí gbogbo ọ̀dà tó kán sílẹ̀, ó sì ń fi ọ̀pá tọ́ka sí wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ó ní ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló kàn. Ọ̀nà rẹ á là, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ, ibi tó o bá fojú sí, ọwọ́ rẹ á tó o. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun ń bọ̀ wá wò ọ́. Tètè kun àtẹ̀gùn rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ