Òkété Kò Mọ Ẹni Tó Gbé Ẹyìn Sílẹ̀

Abúlé Ìdí-Ọsàn,
Lọ́nà Òṣíẹ̀lẹ̀,
Abẹ́òkúta.

Ìlérí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbélé ní Èkó kò yọ ọ́ lẹ́nu? Bí o bá bèèrè wa, a wà láyé, à ń jẹ, à ń mu, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí a rí ìparí oṣù yìí. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn yóò ṣí fún ọ, ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní takìtì, ìlú ńlá kò ní gbé ọ mì tí a ó fi máa bèèrè orúkọ rẹ kiri, àmín.

Mo rí owó tí o fi ránṣẹ́ gbà lọ́wọ́ Ràhámátù tó ń fi ẹ̀rọ kékeré sanwó lẹ́bàá ọjà Òṣíẹ̀lẹ̀. Mo kí ẹ̀rọ náà dáadáa, mo sì bi í bóyá ara rẹ le, ṣùgbọ́n kàkà kó dáhùn, ńṣe ló pọ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde. Mo yí ìwé náà síwá sẹ́yìn, n kò rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ níbẹ̀, ó sì dùn mí díẹ̀. Bí o bá tún fẹ́ fi owó sínú ẹ̀rọ náà, jọ̀wọ́, kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn.

Ohun tó mú mi mú bíírò lónìí kì í ṣe ìyẹn. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ọmọ mi, n kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún níhìn-ín, torí gbogbo ẹni tí mo bá dojú kọ ló ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. N kò fẹ́ fi fóònù tí o rà fún mi sọ ọ́, torí pé òpó gíga tí ọ̀rọ̀ ń gbà lọ sí Èkó, ẹ̀yìnkùlé Káńsẹ́lọ̀ wa ló wà. Bí ọ̀rọ̀ èèyàn bá ń gba orí òrùlé ẹni kọjá, ǹjẹ́ onílé kò ní gbọ́ ọ?

O mọ ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn. O ṣì kéré nígbà tí ìyá rẹ ń rọbí lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀ tí kò dé ibi tó ń lọ. Ọ̀sẹ̀ tí a sin ín náà ni gbogbo abúlé pe ìpàdé, a ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́ ní Ìdí-Ọsàn. Àwa ọkùnrin fọ́ òkúta, àwọn obìnrin ru omi, a mọ búlọ́ọ̀kù, a sì kọ́ ilé náà fúnra wa. Ìjọba kàn wá gé rìbọ́ọ̀nù ni, wọ́n sì kọ orúkọ ara wọn gàdàgbà sára ògiri. A ò bínú, wọ́n ṣáà fún wa ní Nọ́ọ̀sì Lois, ọwọ́ rẹ̀ tó tutù ni a sì fi ń gbẹ̀bí látìgbà náà.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni wọ́n gbé Nọ́ọ̀sì Lois lọ síbòmíràn, wọn ò sì fi ẹnì kankan rọ́pò rẹ̀. Oògùn tán, iná kú, ewúrẹ́ ń sùn sí ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ Yéwándé, ìyàwó Olúbọ̀dé àbúrò rẹ, ti lóyún, oyún náà sì ti ga. A tún jókòó lábẹ́ ọsàn, a fẹnu kò pé tó bá di Sátidé, tọmọdé tàgbà yóò já ewé dání, a óò lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn, a ò sì ní kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi fún wa ní nọ́ọ̀sì mìíràn. Olúbọ̀dé ló sọ̀rọ̀ jù lọ, ó ń fọwọ́ lu àyà, inú mi sì dùn pé mo bí ọkùnrin.

Àárọ̀ Sátidé yẹn, a ti kó ewé jọ tán nígbà tí Bándélé, Káńsẹ́lọ̀ wa, já dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù. Ó gbé telifíṣọ̀n kan wá tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn méjì, ó kó jẹnẹrétọ̀, àga rọ́bà àti páálí mínírà tó tutù nini. Ó ní ìjọba ti gbọ́ igbe wa. Ó ní ìyà wa ti pọ̀ jù, pé ìgbádùn ló kù wá kù, àti pé láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo Sátidé ni a óò máa wo bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́, a óò sì máa fi mínírà sin ín. Ọmọ mi, inú ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé telifíṣọ̀n náà sí. Wọ́n ká tìmùtìmù kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí, wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì náà mọ́ ògiri, àwọn géńdé sì sọ ọ́ di bẹ́ǹṣì. Àwọn èèyàn wa pàtẹ́wọ́. Ewé tí a já láti fi bá ìjọba jà, wọ́n ń fi í fẹ́ ara wọn torí ooru.

Àwọn àgbà ní bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtìjú ló bá mi, ẹ̀rù ni. O mọ̀ pé òkété ni mo fi tọ́ yín. Òkété gbọ́n, bí o bá dẹ tàkúté fún un lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ rí ihò rẹ̀, yóò yà á sílẹ̀ ni. Ohun tí à ń ṣe ni pé a óò kọ́kọ́ gbé ẹyìn sílẹ̀ fún un lásán, kò sí okùn, kò sí irin. Yóò jẹ ẹ́, yóò lọ. A óò tún gbé òmíràn síbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ yóò wá balẹ̀, yóò máa kó ọmọ rẹ̀ wá. Ọjọ́ tí kò bá wo ọ̀tún wo òsì mọ́ ni a óò tó dẹ ẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe fi mínírà ọ̀fẹ́ yẹn lé mi lọ́wọ́ báyìí, àyà mi já pàà.

Mo ní kí n wá okùn náà rí kó tó mú ẹnì kan. Mo gba ẹ̀yìn telifíṣọ̀n lọ, mo kúnlẹ̀, mo ń fọwọ́ tọ àwọn wáyà ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe fa ọ̀kan ni ojú telifíṣọ̀n ṣókùnkùn, ilé sì hó lé mi lórí. Káńsẹ́lọ̀ kò bínú rárá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fún bàbá ní mínírà mìíràn. Ìyẹn ló tún wá dẹ́rù bà mí jù.

Mo bá jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn kí n lè máa ṣọ́ wọn. Ọkùnrin kan wà nínú telifíṣọ̀n náà tí kì í gbá bọ́ọ̀lù, fèrè ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá ti na káàdì pupa sí, olúwarẹ̀ yóò kúrò lórí ilẹ̀ náà tòun ti ẹkún, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á sílẹ̀. Mo ní áà, bí ìjọba ṣe ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn nìyí, wọ́n ti ń kọ́ wa kí ó lè mọ́ wa lára. Wọ́n tún gbá ọmọkùnrin kan lẹ́sẹ̀, ó ṣubú. Kí n tó ní pẹ̀lẹ́, wọ́n tún gbé e ṣubú níbi kan náà, lẹ́yìn èyí wọ́n wá ṣe é ní díẹ̀díẹ̀ kó lè dùn ún wọra. Mo kígbe pé kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, Olúbọ̀dé sì ní kí n má dójú ti òun.

Nígbà tí wọ́n sinmi, mo dìde, mo bi Káńsẹ́lọ̀ pé nọ́ọ̀sì wa ńkọ́. Àwọn èèyàn wa ló dá mi lóhùn, wọ́n ní kí n jókòó, kí n má ba ayọ̀ jẹ́. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀ o, Ìlérí, kò sí ẹni tó mú kóńdó dání. Àwọn tí a jọ fọ́ òkúta ilé yẹn ló ní kí n dákẹ́.

Sátidé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà wá di ńlá. Inú run Yéwándé nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́, òun nìkan ló sì wà nílé. Ó fẹsẹ̀ wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó di ilẹ̀kùn mú, ó figbe ta. Àkókò yẹn gan-an ni bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, gbogbo ilé sì figbe ta. Wọ́n rò pé inú òun náà ló dùn, ẹnì kan tilẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí, kò yíjú. Láwàlì ọlọ́kadà ń jó. Ìyá Miriam, tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, tó kàn wá mu mínírà, òun nìkan ló gbọ́ pé igbe yẹn kò jọ igbe ayọ̀. Òun ló fi ọ̀pá rẹ̀ lù wá títí a fi bojú wẹ̀yìn. Ọlọ́run ṣàánú wa, ìrọbí gidi kọ́ ni, ara kàn ń dán an wò ni.

O óò bi mí pé níbo ni mo wà. Mo wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí mo ti ń ṣọ́ wọn. Yéwándé ní orúkọ mi ni òun ń pè. Àwọn tó wọ aṣọ pupa ló ti fẹ́ gbá a wọlé, ọmọ mi, mo ní kí n ṣáà wò ó tán.

Mo ti wá rí okùn náà báyìí. A kì í dẹ okùn sára ẹyìn rí, èmi ni ó yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ojú ọ̀nà tí òkété ń gbà lọ sílé là ń dẹ ẹ́ sí. Kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ nọ́ọ̀sì mọ́ ní Ìdí-Ọsàn.

Káńsẹ́lọ̀ ní Sátidé tó máa parí oṣù tó ń bọ̀ ni àṣekágbá, pé òun yóò pa màlúù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sílé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Nọ́ọ̀sì Lois sọ, kó tó lọ, pé Yéwándé yóò bímọ. N kì í sùn dáadáa mọ́. Bí mo bá ti dijú, ìyá rẹ ni mò ń rí lójú ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, wá owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí Yéwándé lè lọ dúró lọ́dọ̀ Àǹtí rẹ Harriet ní Adigbe kí ọjọ́ náà tó pé, kí o sì fi owó dókítà kún un. Má fi í rán Olúbọ̀dé, aṣọ àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ayò yẹn ni yóò fi rà. Bí àyè bá sì wà, ìwọ alára ni kí o wá. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ, kò ní jẹ́ kí o jẹ oúnjẹ tí ìwọ kò mọ ẹni tó gbé e sílẹ̀. Ìyà tó jẹ ìyá rẹ kò ní bá ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, ayọ̀ ni a óò fi gbọ́ ohùn ọmọ tuntun nílé wa.

Bí o bá dé lọ́jọ́ àṣekágbá yẹn, tí o kí mi tí n kò dáhùn, má bínú, má sì kí mi lẹ́ẹ̀kejì. Gba ẹ̀yìn telifíṣọ̀n lọ. Wáyà dúdú tó nípọn ni, èyí tó wà lápá òsì. Fà á yọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Olújìmí.