Wọn Kò Ní Wọ Kòtò Láìdán Ẹ̀rọ Wò

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ó di ọjọ́ mọ́kànlélógójì lónìí tí o wọkọ̀ padà sí ìlú ńlá lẹ́yìn tí a sin bàbá rẹ. Ṣé o ń sùn dáadáa? Ṣé o ń jẹun? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ lọ, kí ó máa ṣọ́ ọ bọ̀. Ara tèmi le, àfi orúnkún. Adìẹ dúdú ti pa ọmọ mẹ́fà, òrùlé yàrá rẹ ti ń jò, ẹ̀gbọ́n rẹ sì ti gba iṣẹ́ bàbá yín nílé-iṣẹ́ awọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó má gbà á, ó ní kí ni àwọn ọmọ òun yóò jẹ.

Ẹ̀rọ tí ń gbóòórùn gáàsì tí o fi rán dẹ́rẹ́bà dé ọwọ́ mi. O ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ máa fi há àyà bó bá ń wọ kòtò omi ẹ̀gbin. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó ń gbóòórùn, mo kọ́kọ́ wẹ̀ kí n tó sún mọ́ ọn. Mi ò din àlùbọ́sà fún ọjọ́ mẹ́ta, kó má baà rẹ̀ ẹ́. O kọ ọ́ pé kí a máa dán an wò kí wọ́n tó lò ó, pé gáàsì tó pa bàbá rẹ a máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Mo bá wá ẹyin tó bàjẹ́, mo fọ́ ọ sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, mo gbé ẹ̀rọ lé e lẹ́nu. Ọmọ mi, ó ké débi pé télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa sáré jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo ní ó yege.

Ẹ̀gbọ́n rẹ rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà ìsìnkú. Ó ní ẹyin kì í ṣe òṣùwọ̀n, kò sẹ́ni tó mọ bí gáàsì inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ó ní àgbá kékeré kan wà tí wọ́n kọ iye gáàsì inú rẹ̀ sí i lára. Òun ni wọ́n fi ń tún ẹ̀rọ ṣe kó má baà purọ́, bí alápatà ṣe ń fi irin tí a mọ bó ṣe wúwo tó yẹ òṣùwọ̀n rẹ̀ wò. Ìyẹn yé mi.

Àmọ́ ọ̀gá wọn nílé-iṣẹ́ awọ kò gba tiwa. Ó ní òun ti ra tòun, kò wọ́n, ó sì ní ìwé ẹ̀rí. Lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n fẹ́ wọ kòtò, mo gbé ìgò ẹyin mi àti ẹ̀rọ rẹ lọ, mo jókòó lé ìdérí kòtò. Mo gbé ẹ̀rọ ọ̀gá lé ẹnu ìgò. Gbogbo òṣìṣẹ́ ń di imú, ẹ̀rọ kò fọhùn. Mo gbé tìrẹ lé e, ó ké. Ẹ̀gbọ́n rẹ yí ti ọ̀gá padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀ sókè: gáàsì ìdáná nìkan ló mọ̀, kò mọ irú èyí tó pa bàbá rẹ. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì ti kọjá àkókò láti ọdún tó kọjá.

Ọ̀gá ní kí n dìde, pé ẹ̀rọ náà ti yege níbi tí wọ́n ti ṣe é. Látọjọ́ tí bàbá rẹ ti ń bá a ṣiṣẹ́, “ẹ̀yin” ni mo máa ń pè é. Mo ní, “Bó bá ti yege, ìwọ gbé e há àyà, kí o kọ́kọ́ wọlé.”

Mo wá rán wọn létí pé bàbá rẹ kígbe sókè láti inú kòtò yẹn pé òórùn ti lọ, kí wọ́n má ṣèyọnu. Òórùn kò lọ. Imú rẹ̀ ni gáàsì kọ́kọ́ pa. Ọ̀gá wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, kò gbé e há àyà. Àwọn òṣìṣẹ́ bá wá jókòó tì mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó yá, ọ̀gá ní ó dáa, wọn yóò lo tiwa, tí àgbá òṣùwọ̀n bá ti dé. Ẹnikẹ́ni kò wọ kòtò lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, má fowó òrùlé ránṣẹ́ lóṣù yìí. Fi ra àgbá náà, pẹ̀lú rọ́bà tí ń so ó mọ́ ẹ̀rọ, kí o sì wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára rẹ̀ dáadáa. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù, fi ra oògùn orúnkún, nítorí ìdérí yẹn le. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní pa ọ́. Ibi gbogbo tí o bá wọ̀, wàá jáde láàyè.

Ọ̀gá ní èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́, kí n má padà wá mọ́. Ní gbogbo òwúrọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ wọ kòtò, èmi ìyá rẹ yóò wà níbẹ̀, n ó sì máa dán ẹ̀rọ wò kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀.