Bí Ẹ̀gẹ́ Ṣe Kún Ilẹ̀ Bàbá Mi

Towé,
Pobè.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Rosine, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí àwọn ọmọ náà. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ṣé gàrí ń tà dáadáa ní Sakété? Ara èmi àti ìyá mi le. Ẹ̀yìn nìkan ló ń ro mí, o máa tó mọ ohun tó fà á.

Mo sọ fún ọ lórí fóònù pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dà wá láàmú, n ò sọ ọ́ tán. Nígbà tí bàbá mi kú, Bàbá Fádèyí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní obìnrin kì í jogún oko, pé Bonaventure ọmọ òun ni yóò gbin tíìkì síbẹ̀. Oko yẹn ni èmi àti ìyá mi ń jẹ. Bí wọ́n bá gbà á, a ò ní ibòmíràn. Mo ní n ò gbà. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́ títí, ló bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: ó ní òun fún mi ní ogún igi ẹ̀gẹ́, kí n má ra, kí n má tọrọ kún un. Bí mo bá gbìn ín kún ilẹ̀ náà, ẹgbàárùn-ún ebè, láàárín ọdún mẹ́ta, ó di tèmi. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Lójú tirẹ̀, ogún igi kò ju ọgọ́rùn-ún ebè lọ lọ́dún kan, ọ̀ọ́dúnrún lọ́dún mẹ́ta. Ó gbàgbé pé ẹ̀gẹ́ ń bí. Ṣé o rántí Músíọ̀ Séverin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó ní òǹkà tó ń fi iye kan náà kún ara rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó ń di ìlọ́po? Ìwọ ń sùn lọ́jọ́ náà! Igi kan, mo gé e sí márùn-ún. Ebè kọ̀ọ̀kan yóò fún mi ní igi méjì lọ́dún kejì. Ìlọ́po mẹ́wàá nìyẹn. Ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ̀rún, ẹgbàárùn-ún. Wọn ò tíì rẹ́rìn-ín tán tí mo ti parí rẹ̀ lọ́kàn. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, Bàbá sì tẹ̀ka sí i.

Ọdún kejì ni màlúù wọ oko, wọ́n ba igba ebè jẹ́. Ẹgbẹ̀rin ló kù. Bonaventure wá kí mi kú àdánù, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú bí mi, àmọ́ n ò sunkún lójú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rin ebè, ẹgbẹ̀jọ igi. Bí mo bá gé e sí márùn-ún, ẹgbàárin péré. Mo wá gé e sí méje, ojú mẹ́ta mẹ́ta lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbàárùn-ún pé, ẹgbẹ̀fà lé lórí rẹ̀, ìyẹn ni mo fi dípò àwọn tí kò hù. Gígé wọn ló fọ́ ẹ̀yìn mi.

Sátidé tó kọjá, Bàbá kó àwọn àgbà wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ebè látìkangun. Nígbà tó ka poro mẹ́wàá, ó dúró, ó nu ojú, ó tún ní obìnrin kì í ní ilẹ̀. Mo fa ìwé náà yọ.

Mo ní, “Bàbá, ìka yín rèé. Ẹ kà á tán, tàbí kí ẹ gbà.”

Ó wo àwọn àgbà, kò sẹ́ni tó gbè é. Ṣóbándé, tó dàgbà jù nínú wọn, ní, “Fádèyí, ilẹ̀ ti kún. Jẹ́ ká máa lọ.”

Bàbá ò kí mi kó tó lọ. N ò sì ní bẹ̀ ẹ́ kó kí mi. Ìyá mi, tó ti di ẹrù rẹ̀ láti oṣù kìíní pé wọ́n á lé wa, wọlé lọ tú u.

Bá mi kí gbogbo ilé. Sọ fún ìyá rẹ pé mo ń bọ̀ wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbà,
Sẹ̀gilọlá, onílẹ̀.