Ìkéde Tí Wọ́n Fi Ẹ̀kọ Lẹ̀

Òṣogbo, Ọjọ́rú, oṣù Kẹfà, 1971

Ọ̀la ni wọ́n máa gba orúkọ mọ fún ìdánwò akọ̀wé ìjọba. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìkéde rẹ̀ lára ògiri ọ́fíìsì wa. Ògiri tí mò ń gbà kọjá láràárọ̀!

Mo bi Alájì Bùsàrí, ọ̀gá wa. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo ni wọ́n lẹ ìwé yìí?"

"Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì. Àbí ojú ẹ fọ́ ni?"

Mo ní kí wọ́n má bínú.

Ẹ̀kọ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, mo gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀kọ náà ni wọ́n fi lẹ ìkéde abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ ògiri yìí lóṣù tó kọjá. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tíì ṣú tí àwọn ewúrẹ́ Òkè-Baálẹ̀, àdúgbò wa níbí, fi jẹ ẹ́ tán.

Àbúrò ìyàwó Alájì tó ti Iléṣà dé, tó ń ka ìwé ìṣirò kiri láti ìjẹta... Rárá, n ò fẹ́ parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Màá fi orúkọ sílẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. N ò lè bá àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń jáde nírọ̀lẹ́, ewúrẹ́ kan ti na ẹsẹ̀ sókè lára ògiri, ó ti jẹ ìkéde ọ̀sẹ̀ méjì Alájì dé ìdajì.